Pìrẹ́míà Agboolé Wa

Nínú ìwé pélébé tí àwọn ọmọ ilé wa tẹ̀ jáde lọ́dún tó kọjá, ìwé ìtàn agboolé wa ní Àrẹ̀mọ, wọ́n kọ orúkọ mi sí ibì kan. Wọ́n ní èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú agboolé náà tó lọ sí ilé-ìwé girama, wọ́n ní mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní Bàbá Kàsúmù, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́, ló rán mi lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Mo ti darúgbó, orúnkún ń dùn mí, mi ò sì ní agbára láti máa bá ọmọdé jà mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé irọ́ yẹn wọ sàréè. Ẹni tó rán mi lọ sílé-ìwé kò sí nínú ìwé náà, àfi níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn òkú sí. Bí ẹ bá sì rí i pé mi ò fi ọ̀wọ̀ àgbà bá Bàbá Kàsúmù lò nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má bínú. Ọjọ́ orí mi ti ju èyí tó fi kú lọ báyìí.

Ohùn mẹ́ta ló máa ń jí wa nínú agboolé náà. Ohùn ládàánì ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dún wáà, wáà, bí òjò tí kò tíì pinnu bóyá òun máa rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere ni máṣíìnì ìránṣọ àwọn ọkùnrin á gbà á, nítorí iṣẹ́ télọ̀ ni iṣẹ́ ilé wa. Agbádá àti dàńṣíkí tí wọ́n ń wọ̀ ní Ọjà'ba nígbà náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa jáde. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á máa wo àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó lókè lọ́hùn-ún, àwọn páànù tó ti dípẹtà á sì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Àgbàlá wà láàárín ilé, igi ọsàn kan wà ní apá kan rẹ̀, kànga kan sì wà ní apá kejì, tí omi rẹ̀ kò ṣe é mu. Omi mímu wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìjọba, lọ́nà Pópó Yemọja, àwọn ìyàwó ilé ló sì ń pọn ọ́n, kódà bí oyún bá wà nínú wọn. Ọmọ ilé lóbìnrin kì í pọn omi ilé bàbá rẹ̀. Báyìí ni a ṣe bá a, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ṣòfin náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé ẹni mímọ́ ni ẹni tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ẹni náà fúnra wọn ló ń darí omi pípọn náà, wọn ò sì pọn korobá kan rí níṣojú mi.

Bàbá Mọ́gàjí ni olórí ilé wa. Arúgbó tó rẹwà ni wọ́n, irùngbọ̀n wọn funfun bí òwú. Orí àga onítìmùtìmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ẹni tó bá sì wọlé á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀. Bí ìlú bá pe ìpàdé, àwọn ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jí adìẹ ẹnì kejì, bí òrùlé bá ń jò, bí ọmọ ilé kan bá fẹ́ gbéyàwó, ọ̀dọ̀ àbúrò Mọ́gàjí ni ọ̀rọ̀ ń lọ, ọmọ ìyá wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà. Ọkọ Màmá Àgbà ti kú, wọ́n sì ti padà sílé bàbá wọn kí wọ́n tó bí mi. Yàrá wọn ni mò ń sùn. Bàbá mi, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti di olóògbé, wà ní Jọ́ọ̀sì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, ìyá mi sì ní àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta lórí ẹní. Mo mọ òórùn yàrá yẹn títí dòní: ọṣẹ dúdú, òrí, àti robo tí wọ́n ń tọ́jú sínú agolo fún èmi nìkan, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn yòókù pé ó ti tán.

Láràárọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, Màmá Àgbà á fi ìborùn borí, wọ́n á lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n á ro ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lónìí. Mọ́gàjí á gbọ́ ọ títí, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á kìlọ̀ bó bá yẹ, wọ́n á wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà á jáde sí àgbàlá, wọ́n á gbóhùn sókè pé Mọ́gàjí ní kí wọ́n tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe, Mọ́gàjí ní kí Làmídì lọ bẹ ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ibà dá Mọ́gàjí wó, wọ́n sùn láti àárọ̀, èmi ni mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Mo wá gbọ́ tí Màmá Àgbà ń sọ níta pé Mọ́gàjí ní kí Ìyá Ráfátù so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Ráfátù yìí ni ìyálé gbogbo ìyàwó ilé, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ti jẹ aṣọ oníbàárà. Mo sáré jáde, mo ní, Màmá, Mọ́gàjí ń sùn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fà mí létí wọ yàrá.

"Tí mo bá ní èmi ni mo sọ ọ́, ṣé ó máa so ó?" ni wọ́n bi mí. "Àpọ́nlé ni ti Mọ́gàjí, iṣẹ́ ni tèmi. Ẹnu wọn ni mo fi ń sọ ọ́. Tó bá dáa, Mọ́gàjí ló ṣe é. Tí ò bá dáa, èmi ni kí wọ́n bú."

Wọn kì í sì í dá iṣẹ́ náà ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àgbà mẹ́rin máa ń wá bá wọn ní yàrá wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń mójú tó. Ìyá Ráfátù kò sí lára wọn, nítorí ìyàwó ni, kì í ṣe ọmọ ilé. Bàbá Kàsúmù wà níbẹ̀. Ọmọ àbúrò Mọ́gàjí mìíràn ni, òun ni àgbà nínú àwọn télọ̀, òun ló sì ń kọ lẹ́tà ilé nítorí ó ka ìwé díẹ̀. Wọ́n á jà. Ẹnì kan á ní òun ò gbà, ẹlòmíràn á dìde bí ẹni tó fẹ́ jáde, Màmá Àgbà á sì máa bó ẹ̀pà sínú àwo bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á dájọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì máa fi parí rẹ̀ kì í yí padà: a ti jà tán nínú yàrá, ẹnu kan la máa fi jáde; ẹni tí ò bá lè gbé e mì, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, kó má ṣe jókòó tì wá kó tún lọ máa bú wa níta. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo ilé á pé sí àgbàlá, a máa jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, wọ́n á sì sọ ohun tí Mọ́gàjí ní kí a ṣe.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò mọ Pìrẹ́míà. Gómìnà ni wọ́n mọ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè lójú títì tí gbogbo ayé ń sá fún. Ní ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa ní asọ̀rọ̀mágbèsì, àwa ọmọdé sì máa ń lọ tẹ́tí lẹ́nu fèrèsé wọn. A gbọ́ tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ Gómìnà, pé ìjọba mi máa la ọ̀nà, ìjọba mi máa kọ́ ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kejì Tísà bi wá ta ló kọ ọ̀rọ̀ náà, a sì pariwo pé Gómìnà ni. Tísà rẹ́rìn-ín. Ó ní Pìrẹ́míà ló kọ ọ́, Gómìnà kàn sọ ọ́ ni. Ó ní Gómìnà ni a ń bọ̀wọ̀ fún, òun ló ń buwọ́ lu òfin, ṣùgbọ́n Pìrẹ́míà ni olórí ìjọba. Inú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ti ń wá, ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀ ni, àwọn tó pọ̀ jù nínú ilé náà ló sì gbé e dúró. Òun ló ń yan àwọn mínísítà, bí wọ́n bá sì ti fẹnu kò, ẹnì kan nínú wọn ò gbọdọ̀ jáde lọ sọ ohun mìíràn. Lọ́jọ́ tí àwọn tó pọ̀ jù bá ní àwọn ò tẹ̀ lé e mọ́, fìlà rẹ̀ ló kù tó máa mú. Mo rántí gbólóhùn tó fi parí rẹ̀, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ tèmi náà nígbà tí mo di tísà: Pìrẹ́míà ò ní àga, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àga rẹ̀.

Orí mi wú. Mo mọ ẹni tó ń sọ. Nígbà tó ní kí a lọ kọ àròkọ nípa olórí ìjọba, ilé wa ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé Mọ́gàjí ni Gómìnà wa, Màmá Àgbà ni Pìrẹ́míà, àwọn àgbà mẹ́rin ni mínísítà, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ilé aṣòfin wa ń jókòó. Tísà fún mi ní máàkì tó ga jù lọ, ó ní kí n kà á sétí kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà dé láti ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin tí àwọn míṣọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, pé mo ti yege, pé wọ́n máa fún mi ní ibùsùn. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó dúró fún bàbá mi nílé gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tí ò bá dé ní Mọ́ńdè tí wọ́n wọlé, wọ́n máa fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bàbá mi ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì pé ohun tí ilé bá sọ ni kí wọ́n ṣe.

Ìjà Ọjọ́bọ̀ yẹn gbóná. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá Kàsúmù ní àwọn míṣọ́n máa sọ èmi Sàdíátù di Rúùtù, mo máa padà wálé máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sí Mọ́gàjí létí. Màmá Àgbà ní ẹni tí a bá kọ́ dáadáa nílé, kò sí orúkọ tí wọ́n fún un níta tó lè mọ́ ọn lára. Àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé Màmá Àgbà. Bàbá Kàsúmù gbé e mì. Mo ríran láti ihò kọ́kọ́rọ́, mo rí i tó mi orí pé òun gbà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ilé, Màmá Àgbà ní kí n kọ́kọ́ ka àròkọ mi fún gbogbo èèyàn, kí wọ́n lè rí ọgbọ́n tí ọmọ ń kó bọ̀ láti ilé-ìwé. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Mò ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mọ́gàjí fúnra wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé báyìí ni àwọn di Gómìnà láìjẹ́ pé àwọn kó kúrò ní Àrẹ̀mọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bàbá Kàsúmù pè mí sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Sàdíátù, ọmọ dáadáa. Tí àwọn tó pọ̀ jù ò bá fẹ́ Pìrẹ́míà mọ́ ńkọ́?"

"Á lọ ni, sà."

"Gómìnà ò ní dá a dúró?"

"Rárá, sà. Ẹlòmíràn tí wọ́n bá tẹ̀ lé ni Gómìnà máa pè."

"Àwọn wo ló sì máa ń dìbò? Àwọn ọkùnrin?"

"Tọkùnrin tobìnrin, sà, tó bá ti dàgbà."

"Tó fi mọ́ ìyàwó ilé?"

Màmá Àgbà fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni. Mo ní, "Tó fi mọ́ ìyàwó ilé, sà."

Ó dìde. Ó ní gbogbo ilé ti gbọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe é. Ó ní wọ́n fẹ́ kó ọmọ ilé yìí fún àwọn onígbàgbọ́, àwọn márùn-ún péré ló sì jókòó sí yàrá dájọ́ náà. Kò sọ pé òun gbà á lánàá. Ó ní ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí Màmá Àgbà máa darí ilé, kó lọ dúró nídìí kànga. Ẹni tó bá rí i pé ó tó gẹ́ẹ́, kó wá bá òun lábẹ́ igi ọsàn. Àti ìyàwó, àti ọmọ ilé. Kò tíì sí ìgbà kan rí nínú ilé wa tí wọ́n bi ìyàwó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Mọ́gàjí. Wọ́n yí tẹ̀sùbáà wọn lọ sókè, wọ́n yí i padà sísàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ bá rán sí mi láràárọ̀ ni màá gbọ́ tirẹ̀." Èmi tí mo kọ àròkọ mọ̀ pé ìdáhùn náà pé. Ó dùn mí pé ó pé.

Àwọn ọmọ ilé pọ̀ nídìí kànga. Ìyá Ráfátù ló kọ́kọ́ gbéra lọ sábẹ́ igi ọsàn. Ó ń jó lọ ni, ó ní òun ń lọ tú ewúrẹ́ òun sílẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, pẹ̀lú omi gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń pọn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ìyá mi nìkan ló kù láàárín àgbàlá. Wọ́n wò mí. Wọ́n wo Màmá Àgbà. Wọ́n wá rọra rìn lọ sábẹ́ igi ọsàn, wọn ò sì gbójú sókè mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bá ìyá mi lẹ́nu ọlọ, wọ́n ń lọ ata. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọn ò dúró nínú lílọ̀ náà.

"Ta ló bi mí?" ni wọ́n wí. "Wọ́n jókòó sí yàrá, wọ́n ní ọmọ mi ń lọ. Ẹlòmíì ní ọmọ mi ò lọ. Láti ìgbà tí mo ti délé yìí, òní ni ẹnì kan kọ́kọ́ ní kí n yan ibi tí mo fẹ́ dúró sí. Mo sì yàn án."

Mo di wọ́n sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yé mi báyìí. Èmi náà ti jẹ́ ìyàwó ilé, mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìpinnu láìwo ojú mi. Ṣùgbọ́n pé ó yé mi kò ní kó má dùn mí.

Màmá Àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní òwúrọ̀ Sátidé wọ́n mú Bàbá Kàsúmù lọ síwájú Mọ́gàjí, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ilé yàn nìyí, wọ́n sì padà wá bó ẹ̀pà wọn. Bàbá Kàsúmù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fọ́ọ̀mù mi sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ṣe ni pé kò lè sọ pé Mọ́gàjí ní. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ni. Á dúró sí àgbàlá, á ní èmi Kàsúmù ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wí fún á dá a lóhùn pé ìwọ Kàsúmù wo, a jọ gé irun ọmọdé ni. Àwọn tí kì í bá Mọ́gàjí jiyàn ń bá Kàsúmù jiyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, máṣíìnì rẹ̀ sì ń dákẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ìyàwó pé àwọn ọmọ ilé lóbìnrin náà máa pọnmi. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin gbọ́, wọ́n gbé korobá òfìfo wá síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ pọn tirẹ̀ kí àwọn wò ó. Ó sún ọ̀rọ̀ omi náà sẹ́yìn. Àwọn ìyàwó rí i pé ó yẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá Àgbà máa ń tẹ́ ẹní sí ìdí kànga pẹ̀lú àwọn tiwọn. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á nu ọwọ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wọ̀ àgbà bá Kàsúmù sọ̀rọ̀, ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. "Olórí wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Fọ́ọ̀mù Sàdíátù tó wà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ti buwọ́ lù ú?" Bàbá Kàsúmù á ní àwọn ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n tún bi í, ó ní àwọn ṣì ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bó ṣe ní àwọn ń wò ó, ẹnì kan láàárín àwọn ìyàwó sọ pé kí wọ́n yá wọn ní awò ojú. Gbogbo àgbàlá fi ẹ̀rín bú. Ìyá Ráfátù dìde, ó ní ẹ jẹ́ ká tún yan ibi tí a máa dúró sí o, ẹsẹ̀ òun ti ń yún òun. Bàbá Kàsúmù wo ojú àwọn èèyàn, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ti lọ, kí wọ́n fi di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mọ́ńdè ni ilé-ìwé máa wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Ráfátù kó àwọn ìyàwó wá sí yàrá wa. Wọ́n ní kí Màmá Àgbà fara balẹ̀, tó bá di Jímọ̀, ìdí kànga ò ní gba èèyàn. Kí wọ́n ṣáà má gbàgbé ọ̀rọ̀ omi. Màmá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò ní gbàgbé. Mo yọ̀, àfi ìgbà tí mo ka ọjọ́ tó kù. Jímọ̀ máa fún wọn ní ilé padà. Kò lè fún mi ní Mọ́ńdè padà.

Wọn ò tíì jáde tán nígbà tí Bàbá Kàsúmù dé. Màmá Àgbà ní kí n lọ ra ẹ̀kọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀kọ tán ni. Nígbà tí mo padà dé, ó ti lọ, fọ́ọ̀mù mi wà lórí ẹní, gègé ti kọjá lórí rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Màmá Àgbà jókòó, wọn ò bó ẹ̀pà, wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kí n lọ pe ìyá mi wá. Ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wọlé tán.

"Ìyàwó," ni Màmá Àgbà wí, "ọmọ rẹ ni. Ó yẹ kí n ti bi ọ́ tipẹ́. Ṣé kó lọ?"

Mo gbọ́ tí máṣíìnì kan ń sáré lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kó lọ, Màmá."

"Tí wọ́n bá yí orúkọ ẹ̀ padà ńkọ́?"

"Wọ́n á máa pe tiwọn lọ́hùn-ún. Sàdíátù ni èmi á máa pè é."

Ní ọ̀sán, Bàbá Kàsúmù dúró sí àgbàlá, ó ní Mọ́gàjí ní kí Sàdíátù lọ sílé-ìwé, òun sì fọwọ́ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ni àwọn ọmọ wa gbọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé. Ní Mọ́ńdè, ìyá mi ru àpótí mi, Màmá Àgbà sì dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní Ògùnpa. Wọ́n ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí orúkọ, kí n kírun mi nígbà tí mo bá rí àyè, kí n sì jẹ oúnjẹ mi tán. Wọ́n rọ robo sínú àpò mi.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi àkọ́kọ́, mo rò pé mo máa bá Màmá Àgbà nípò wọn. Bàbá Kàsúmù ni mo bá níbẹ̀. Ìyá Ráfátù sọ fún mi pé Jímọ̀ tí wọ́n ń retí náà dé, àwọn ìyàwó sì ti gbéra, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ní kí wọ́n jókòó, pé kí wọ́n jẹ́ kí Kàsúmù máa ṣe é lọ. Inú bí wọn. Wọ́n ṣì ń pọnmi. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn jókòó, Bàbá Kàsúmù ní òun fẹ́ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú fún àlejò kan láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n gbé àga Mọ́gàjí wọ yàrá inú. Ẹ̀rù ba àgbàlá. Mọ́gàjí wo ilẹ̀. Ìyá Ráfátù yíjú sí ìdí kànga, ó ní, "Màmá, ẹ ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan? Ilé ń bàjẹ́ lójú yín."

"Ẹnu mi wà nílé-ìwé," ni Màmá Àgbà wí. "Ẹ jẹ́ kó kàwé tán."

Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Kàsúmù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú níbi tí kò yẹ kó wà. Ojú rẹ̀ yẹn ni mo fi mọ ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá nígbà tí wọ́n rán mi lọ ra ẹ̀kọ. Ilé wà lọ́wọ́ Màmá Àgbà lọ́jọ́ náà, ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí wọ́n gbà á. Wọ́n fi í gba ìbuwọ́lù kan lórí fọ́ọ̀mù, pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ilé mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà nílé-ìwé. Wọ́n sì mú àdéhùn ṣẹ fún ẹni tí kì í mú tirẹ̀ ṣẹ.

Mo fẹ́ dìde, kí n sọ ọ́ síta. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀, wọ́n bu ẹ̀wà inú àwo wọn sí tèmi, wọ́n ní kí n jẹun. Ọdún márùn-ún ni ìwé girama nígbà náà. Wọ́n fi mẹ́rin nínú rẹ̀ dákẹ́ nídìí kànga, lọ́jọ́ Jímọ̀ gbogbo, ikú sì mú wọn kí karùn-ún tó pé.